Bí Mo Ṣe Lu Bàtà Mi Ní Gbàǹjo

Ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n ń ta ìgò omi kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn ní Lẹkki. Omi tí à ń rà ní ọ̀ọ́dúnrún ní Ajah! Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á bóyá wọ́n fi oyin sí i. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín ni mo fi ń bo ara mi. Òórùn oògùn tí wọ́n fi nu ilẹ̀ ti kún imú mi, mo sì ń ṣí ìdérí omi olówó gọbọi náà, mo tún ń dé e.

Èmi tí mò ń ta bàtà lọ́nà Àdó ní Ajah, abẹ́ ẹsẹ̀ ni àrùn ti wá mú mi. Àmì dúdú kan ni, mo rò pé ìṣó ló gún mi. Ìgbà tí kókó yọ sí mi lókè itan ni wọ́n tó sọ pé jẹjẹrẹ awọ ara ni, ó sì ti rìn jìnnà.

Dókítà tó ń tọ́jú mi, obìnrin kékeré tí mo lè bí lọ́mọ, ṣàlàyé pé oògùn méjì làwọn fẹ́ fà sí mi lára pa pọ̀.

"Mà, a mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Bí wọ́n á ṣe ṣe pọ̀ nínú ara èèyàn la ò tíì mọ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Tí ẹ ò bá fẹ́, kò sí ìjà."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ sì fẹ́ tà á fún mi?"

"A ò tà á, mà. Ọ̀fẹ́ ni."

Bó ṣe sọ pé àwọn ò mọ̀ yẹn ló wá já mi láyà jù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, n ò rí ọlọ́jà tó jẹ́wọ́ pé òun ò mọ bí ọjà òun á ṣe rí. Èmi gan-an, bàtà tí mo mọ̀ pé kò ní lo oṣù kan, mo máa ń búra lé e lórí. Àmọ́ kókó yẹn ò dúró dè mí. Mo gbà.

Lẹ́yìn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ẹni tó sùn lé wèrèpè, mo ń yàgbẹ́ gbuuru. Dókítà ní kí n tètè wá, wọ́n sì tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n ó ti dá mi lójú pé oògùn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà orogún, èmi sì ni ilé tí wọ́n máa wó. Lójú inú mi, mo ń rí àwọn ẹbí ọkọ mi tí wọ́n ń pín bàtà mi lẹ́yìn ikú mi, tí ọmọbìnrin mi dúró tó ń wò wọ́n. Ni mo bá lu gbogbo ọjà ní gbàǹjo. Àwọn bíríkìlà wá láti Awóyáyá, wọ́n kó sálúbàtà bí ẹni kó ẹ̀pà. Aláṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú.

"Ìyá Bàtà, ṣé ẹ jí i ni?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ ẹ ni mo ti jí i."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣófo, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo kó owó náà fún ọmọ mi. Ojú ẹ̀ kàn yí padà.

Ìgbà tí wọ́n tún ya àwòrán inú ara mi, n ò lè jókòó. Dókítà yí ojú kọ̀mpútà sí mi. Kókó tó tó ẹyin adìẹ ti kéré bí ẹ̀wà.

"Kò tíì lọ tán o, mà. A ṣì ń wò ó."

"Kí ni mo wá fẹ́ máa tà báyìí?" Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

Mo ṣì ń lọ gba oògùn, ẹ̀rù sì ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá na abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé ẹni tó kàwé sọ pé òun ò mọ̀. Èmi tí n ò kàwé ni ikú dá lójú. Mo mọ iye tí mo ra ìdánilójú yẹn. Nígbà tí mo padà lọ ra bàtà míì, mo yọ iye tí mo lu àwọn ti àkọ́kọ́ ní gbàǹjo kúrò nínú iye tí mo rà wọ́n: àdánù ₦186,500.