Ààwẹ̀ Sùfíyánù

Ní Lamashegu, ní ìlú Tamale, bí oṣù bá kọ̀ tí kò lé ní àṣálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, tó wá di dandan kí èèyàn gba ọgbọ̀n pé, ààwẹ̀ ọjọ́ kan tó kù yẹn ní orúkọ. Ààwẹ̀ Sùfíyánù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹni tó ni orúkọ náà ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó rí i dájú pé ebi ọjọ́ kan ṣoṣo náà pa gbogbo wa dáadáa.

Ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1987 ni. Àwọn èèyàn ti ṣínu, wọ́n ti kírun mọ̀gáríbì tán, wọ́n sì dúró sí gbangba iwájú mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Òjò ṣú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkùukùu ń là díẹ̀díẹ̀, oṣù lè yọjú nígbàkigbà. Èèyàn kan ṣoṣo ló kẹ̀yìn sí ibi tí ayé ń wò. Sùfíyánù ni, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Tamale, tó ń ta táyà àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ lọ́jà.

Lèmọ́mù Àbdùsàlámì rí i. "Sùfíyánù, kí lò ń wò níbẹ̀yẹn? Oṣù kì í yọ níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Àfáà. Àlejò mìíràn ni mò ń retí."

Kò pẹ́, ìràwọ̀ kan yọ láti ọ̀nà Kumasi. Ó mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kò sì ṣẹ́jú. Ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Sùfíyánù na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó lọgun pé, "Ẹ wò ó! Èèyàn wà nínú rẹ̀!"

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní yíjú? Gbogbo ìjọ yípadà, àti Lèmọ́mù fúnra rẹ̀. Wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń wo ìràwọ̀ tó ń rìn títí ó fi forí lé apá Mẹ́kà tí wọn kò rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi yíjú padà sí ìwọ̀-oòrùn, òjò ti dí ibẹ̀ pa. Ìyá àgbà kan ní òun ti rí nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kí ariwo tó sọ, ṣùgbọ́n kò lè búra sí i. Lèmọ́mù mí kanlẹ̀, ó ní kí oníkálukú lọ múra sààrì.

Osman alápatà ló bínú jù. Dàgọ̀ńbà ni Osman, ṣùgbọ́n agboolé Yorùbá ló dàgbà sí. Ó ti pa màlúù ọdún sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní oṣù kò lè ṣàìlé. Kí ẹran má baà bàjẹ́, gbogbo ọjọ́ kejì ló fi ń yan án pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, tí òórùn rẹ̀ ń gba imú rẹ̀ wọlé. Ó dé ṣọ́ọ̀bù Sùfíyánù pẹ̀lú èéfín lára.

"Sùfíyánù, wallahi, bí èèyàn bá wà nínú ìràwọ̀ yẹn, lọ pè wọ́n wá, kí wọ́n wá jẹ ẹran mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ẹ̀rín. Lèmọ́mù kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, òun kò ní gba ẹ̀rí Sùfíyánù mọ́ lórí ọ̀rọ̀ oṣù. Níbi tí àwọn èèyàn wà, Sùfíyánù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Bàbá rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí oṣù ní àdúgbò yẹn fún ogún ọdún, ojú bàbá náà ló sì jogún. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Nímọ́tà, pé, "Wọ́n ti sọ ojú mi di òpùrọ́." Ó dùn ún gan-an.

Bẹ́ẹ̀, kò purọ́. Rédíò Hausa ló ti gbọ́ pé àwọn ará Rọ́ṣíà gbé ilé kan sójú ọ̀run, àti pé èèyàn méjì ń gbé inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Ó tún rí àwọn mìíràn tí kò sí èèyàn nínú wọn, ó sì sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni tó jókòó sí ìdíkọ̀. Èyí tó bá ń lọ sí gúúsù ni Mọ́tò Kumasi, èyí tó bá ń lọ sí àríwá ni Mọ́tò Bọ́lga. Èyí tí èèyàn wà nínú rẹ̀ ni Mọ́tò Mẹ́kà, nítorí ibi tó máa ń forí lé. Sùfíyánù kò lọ Mẹ́kà rí, agbára rẹ̀ kò ká a. Bí mọ́tò yẹn bá ń kọjá, á na ọwọ́ sí i, á ní, "Ẹ bá mi kí wọn níbẹ̀ o." Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é ní Àlàájì.

Ó ń kọ àkókò tí wọ́n ń kọjá sínú ìwé kan, ó sì ń fi ti àná wá ti ọ̀la. Nímọ́tà ní, "Ọkọ mi mọ ìgbà tí mọ́tò ojú ọ̀run ń dé. Ìgbà tí oúnjẹ tuo rẹ̀ ń tutù ni kò mọ̀."

Lọ́jọ́ kan, Lèmọ́mù wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó béèrè pé, "Àwọn èèyàn rẹ tó wà lókè yẹn, ìgbà mélòó ni oòrùn ń wọ̀ fún wọn lójúmọ́?"

"Ìgbà mẹ́rìndínlógún, Àfáà."

"Ṣé ìgbà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa wá ṣínu?"

Sùfíyánù rò ó dáadáa. "Ó ṣòro fún ẹlòmíì, Àfáà. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé Osman lọ, á ṣe é."

Ó gbìyànjú láti gba orúkọ rẹ̀ padà. Ó pe àwọn èèyàn jọ ní àṣálẹ́ Jímọ̀ kan, ó ní kí wọ́n wo Mọ́tò Mẹ́kà bó ṣe máa kọjá lásìkò. Ìràwọ̀ náà dé lóòótọ́, lásìkò tó dá. Ó gun òkè dé àárín ọ̀run, ó sì kú síbẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Osman ní, "To, Sùfíyánù, ṣé epo ló tán?"

"Òjìji ayé ló wọ̀."

"Ayé ní òjìji?"

"Ohun tó bá ti dúró níwájú iná, ó ní òjìji."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín náà, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni Sùfíyánù sì ń dúró sí bí ìjọ bá ń wá oṣù.

Ní ọdún 1996, inú ọyẹ́ ni ààwẹ̀ bọ́ sí. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, eruku bo ìwọ̀-oòrùn, gbogbo ojú ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yíjú wẹ́yìn, ó ní, "Àlàájì, Mọ́tò Mẹ́kà yín ń bọ̀ o."

Sùfíyánù kò yíjú. "Ó mọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ojú rẹ̀ kò kúrò ní ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó rọra rìn lọ síwájú láìpariwo, ó lọ bá Osman, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú. "Wo ṣóńṣó igi dongoyárò yẹn. Fi ìka méjì gòkè sí i. Yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Má wo eruku, wo ẹ̀yìn eruku."

Osman wò ó títí. Ó ní, "Wallahi, mo rí i."

Lèmọ́mù tó ti darúgbó sún mọ́ ọn. "Ẹ̀rí kan nìyẹn. Òfin ní ká gba méjì. Ta ni ìkejì?"

Osman ló fèsì. "Ẹni tó di orí mi mú ni, Àfáà. Láti ọdún ẹran yẹn ni mo ti ń bú ọkùnrin yìí. Ojú rẹ̀ ni mo fi rí oṣù."

Lèmọ́mù yíjú sí i. "Sùfíyánù, ìràwọ̀ rẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o rí i?"

"Rárá, Àfáà. Mo kẹ̀yìn sí i."

"Kí lo rí?"

"Oṣù."

Lèmọ́mù mi orí. "Ẹ̀rí ti pé méjì. Ọ̀la ni ìtúnu."

Ariwo sọ jákèjádò Lamashegu. Sùfíyánù fi etí agbádá nu ojú, ó ní eruku ọyẹ́ ló kó sí i. Osman alára kò bá a jiyàn.

Sùfíyánù kú ní àkókò òjò ọdún 1998, lórí àga tó máa ń gbé síta láti wo òkè. Nígbà tí ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e parí, oṣù lé ní ìrọ̀rùn, gbogbo èèyàn ló rí i. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Lèmọ́mù fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ yíjú padà." Gbogbo ìjọ sì kẹ̀yìn sí oṣù ọdún, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Kumasi, wọ́n ń dúró de àlejò ọkùnrin kan tí kò sí mọ́.

Ìràwọ̀ náà dé. Osman na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ bá wa kí Sùfíyánù." Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe àmín. Ọmọdé kan fẹ́ sáré tẹ̀ lé ìràwọ̀ náà, ni Nímọ́tà bá fà á mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Ó mọ̀nà."