Irin Tí Omi Jẹ

Ọmọ mi ra kárávàànì àlòkù kan lọ́dún yìí, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilé wa ní Peckham níbí. Ní Sátidé tó kọjá, ó ké sí mi láti inú rẹ̀: "Mummy, ẹ wá gbóòórùn omi gbígbóná yìí, it stinks, no lie." Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ fi gbà mí nímú. Mo dúró sójú kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní òórùn lásán ni. Lójú tèmi, òórùn yẹn ló gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Bàbá mi ní kárávàànì nígbà náà, inú yáàdì kan lẹ́yìn estate wa ló máa ń wà. Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ìgbà ooru, a ó kó ìrẹsì, gàrí, ìkòkò àti ẹní ìkírun sínú rẹ̀, ó di etí òkun. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ a máa wò wá bíi pé ńṣe la jí i gbé. Ìyá mi náà a sì máa wò wọ́n bíi pé wọ́n fẹ́ jí i gbé lọ́wọ́ wa. Bó ṣe rí nìyẹn, kì í fọkàn tán ẹ̀dá alààyè. Bí alápatà bá rẹ́rìn-ín sí i, ó ní ó ti fọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n.

Uncle Làmídì, ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n jọ kúrò ní Ìṣẹ́yìn, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ irin. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, á pa gáàsì, á jẹ́ kí omi tutù, á fà á gbẹ, á sì tú ọ̀pá irin gígùn kan jáde nínú ikùn táǹkì. Á wá we téèpù funfun mọ́ ọrùn irin tuntun kó má baà jò, á dè é sípò èyí tó tú. Ọmọ rẹ̀, Kudi, ni ẹgbẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn nínú kárávàànì, orí mi lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a ó máa fi àtàǹpàkò ta ara wa títí oorun yóò fi gbé wa lọ.

Lọ́dún kan létí òkun, omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá mi bu ú sátẹ́lẹwọ́ láti ṣe àlùwàlá àsùbáà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á nù. Ó ní omi tí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi kírun, pé ẹnì kan ti ju nǹkan sí i. Ta ló sì tún ní kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀ sí Làmídì?

A padà délé, Uncle Làmídì tú irin náà jáde. Èyí tí ìyá mi fojú ara rẹ̀ rí pé ó ki nígbà tí wọ́n dè é ti di tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀.

"Brother Làmídì, níbo lẹ gbé irin wa sí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, omi ló jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Tí ò bá rí i jẹ, táǹkì ló máa jẹ."

"Irin kì í ṣe gúgúrú."

Ìyá mi ní ńṣe ló kó irin tuntun lọ, tó fi àlòkù dí i. Bóyá tí kò bá rẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Uncle Làmídì gbé kọ́kọ́rọ́ sórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ Kudi mú, wọ́n lọ. Ìyá mi ní wọn ò gbọdọ̀ rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọn mọ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Bàbá mi fi ìdérí irin lásán dí ihò náà. Òórùn lọ ráúráú. "Ẹ ti rí i báyìí?" ni ìyá mi wí. Lẹ́yìn ìgbà ooru mélòó kan, táǹkì lu, omi gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bí bisikíìtì. Ó ní, "Làmídì ò purọ́." Ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó lọ sí Bermondsey, ìtìjú ò sì jẹ́ kó béèrè ọ̀nà.

Fóònù lọmọ mi fi wá ohun tó tú wa ká, kò pẹ́ tó fi rí i: kòkòrò àìrí inú omi àti irin yẹn ló jọ ń dá òórùn náà sílẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan ju nǹkan sí i. Àwa méjèèjì fa omi gbẹ, a pààrọ̀ irin. Yáàdì ọjọ́ sí ti di flat gíga gogoro. Ohun tí kò yí padà ni ìyá mi.

Lọ́dún tó kọjá, a gbọ́ ní mọ́sálásí pé Uncle Làmídì kú. Mo mú ìyá mi lọ kírun sí i lára. Ó ń sunkún lójú ọ̀nà, ó ní òun yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kudi fúnra rẹ̀ ló ń pín omi fún àlejò. Ó dá wa mọ̀, ó kúnlẹ̀, ó na ike omi kan sí ìyá mi. Ìyá mi gbà á, ó yí i po, ó wo ìdérí rẹ̀, ó tún un wò. Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlé. Kudi rọra gbà á padà, ó ṣí i, ó mu díẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn nu ẹnu ike náà, ó dá a padà fún un.

"Ẹ mu ún, Mummy. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ìyá mi mu ún. Nígbà tó fi máa gbójú sókè kó tó sọ ohun tó bá wá, Kudi ti kọjá sọ́dọ̀ àlejò tó kàn.