Màmá Onílé Kọ Iná Nítorí Ìràwọ̀

Ẹ gbà mí o, Màmá onílé mi fọwọ́ ara wọn pa iná lálẹ́ yìí!

Ìyá tó ń ta omi dídì, tó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta kí iná lè dé!

Òkùnkùn bo Inísà, ni mo bá gbé tẹlisikóòpù mi, awò tí mo fi ń wo ojú ọ̀run, síta. Mo pe Màmá wá wo Andirómédà, agbo ìràwọ̀ tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín.

"Ṣebí èéfín nìyí?"

"Ìràwọ̀ ni gbogbo ẹ̀, mà. Kò níye."

"Háà! Olúwa mi o!"

Ibẹ̀ ni iná dé. Àdúgbò hó yèè, gílóòbù iwájú ilé tàn yòò, Andirómédà pòórá.

Màmá sáré lọ pa gílóòbù náà, wọ́n tún kígbe sílé kejì: "Ẹ pa tiyín náà! Ta ló ní kí wọ́n mú iná wá?"

Ẹ̀yin ará Ìkìrun àti Òkukù, ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ náà ń retí iná, ẹ bá mi dá Màmá lóhùn.