Ìlà Eérú Tí Rhoda Tẹ̀lé

Ẹnu Rhoda kì í dákẹ́ ní àdúgbò wa ní Kàbà, àfi ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀gbà fi dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún 1956. Ó ń hun aṣọ lọ́wọ́ ni igi òfì bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ní kí òun dìde mú un, ẹsẹ̀ òsì kò gbà. Kí Thomas ọkọ rẹ̀ tó sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di ilé ìwòsàn míṣọ́n ní Ẹ̀gbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ tó já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ọbẹ̀ tí Thomas sè kò níyọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Martha ló kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dúró. Yóò di ẹ̀yìn àga mú, yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè, yóò kà dé ẹ̀wá, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, yóò gbé ìkejì. Yóò jókòó, yóò dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Èyí tó wá le jù ni ti orí ìlà.

"Màmá, tí ẹ bá délé, kí wọ́n fi eérú fa ìlà sílẹ̀ fún yín," Martha wí. "Orí rẹ̀ ni kí ẹ máa tọ̀. Kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó wà níwájú máa kan ọmọ ìka èyí tó wà lẹ́yìn. Kí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín o, kí ẹ má baà ṣubú."

Thomas ni ẹni náà. Dògarí, ọlọ́pàá kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó fi ọdún méjìlélógún gba àṣẹ láìbéèrè ìdí. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Láràárọ̀ ni yóò fa ìlà eérú níwájú ilé, yóò dúró ti ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

"Ọ̀tún! Òsì! Ìyá Bíọ́lá, òsì ni mo wí!"

"Òsì náà ni mo gbé, Bàbá Bíọ́lá. Òun ni kò gbọ́ tiyín."

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí iṣẹ́ náà fi sú Rhoda. Bíllíkísù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá Akóredé ni Bíllíkísù, ahunṣọ bíi tirẹ̀, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ó ti tó ogún ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń díje: bí ọ̀kan bá fi òwú pupa dá àrà kan, èkejì yóò dá méjì. Nísinsìnyí tí Rhoda kò lè hun nǹkan kan, Bíllíkísù ta ẹní bo òfì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kí ló ń hun tí kò fẹ́ kí ojú kàn?

"Bàbá Bíọ́lá," Rhoda wí ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, "Nọ́ọ̀sì ní ibi tó tẹ́jú ni kí n ti máa rìn. Iwájú ilé ìyá Akóredé tẹ́jú ju tiwa lọ."

"Nọ́ọ̀sì wí bẹ́ẹ̀?"

"Ó wí i."

Thomas fa ìlà náà dé abẹ́ igi ọsàn Bíllíkísù. Rhoda rìn débẹ̀, ó fọwọ́ ti igi, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó na ọrùn síhà ẹní náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ẹ̀rin, ẹ̀rin..."

"Àrún ló kàn!"

"Ẹ jẹ́ kí èyí dá mi lójú ná."

Bíllíkísù ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó fi ìborùn di ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, tí ó kírun tán, ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. "Okun o, Bàbá Bíọ́lá. Akóredé ti Ẹ̀gbẹ̀ dé lánàá. Nọ́ọ̀sì Martha ní kí ìlà yẹn má gún mọ́. Ó ní kó máa wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, kó sì gùn sí i. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á."

Rhoda mọ̀ dájú pé oko ni Akóredé wà lánàá. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wí i? Òun náà ló kọ́kọ́ purọ́ mọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó ń wo bí ìlà eérú Bíllíkísù ṣe ń gba ẹ̀yìn ilé adìyẹ, tó yí odó po lẹ́ẹ̀mejì, tó gba ìdí àká kọjá, tó padà wá sẹ́nu ọ̀nà Rhoda. Kò dé ìtòsí òfì rárá.

Ojoojúmọ́ ni Nọ́ọ̀sì ń ránṣẹ́ báyìí, ojoojúmọ́ ni ìlà ń gùn. Lọ́jọ́ kan Rhoda ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, fìlà Thomas ló gbá mú, àwọn méjèèjì jọ jókòó sínú eérú. Lọ́jọ́ mìíràn ó jókòó sórí odó, ó sunkún, ó ní ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe tòun mọ́. Thomas jókòó tì í. Kò pàṣẹ kankan títí oòrùn fi là. Lẹ́yìn náà Rhoda nu ojú, ó dìde fúnra rẹ̀, ó bú Bíllíkísù díẹ̀, ó ń bá ìlà rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti ń gbàgbé ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìlà náà kò wọ́ mọ́. Ó lọ tààrà sídìí ẹní. Rhoda tọ̀ ọ́ lọ láìdi nǹkan kan mú, ó ṣí ẹní. Aṣọ funfun lásán ló bá lórí òfì, kò ju ìka mẹ́ta lọ, eruku ti bò ó.

"Kí lèyí?"

"Èmi ò hun nǹkan kan," Bíllíkísù wí lẹ́yìn rẹ̀. "Mo kàn fẹ́ mọ bí o ṣe lè rìn jìnnà tó nítorí àtiyọjú wo nǹkan oní-nǹkan."

Rhoda bú u tọkàntara. Àárín èébú náà ni ẹ̀rín ti gbé e, títí ó fi ní láti di òfì náà mú.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ díẹ̀ títí ayé rẹ̀, àmọ́ ó ń lọ síbi tó bá wù ú. Ó padà sídìí òfì nígbà ọyẹ́. Ọwọ́ òsì kò lágbára láti gbá òwú le, etí kan lára aṣọ tó hun wá dẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó wá ra aṣọ láti Iyah-Gbẹdẹ gbé e wò yí ká.

"Màmá, ẹ̀gbẹ́ kan dẹ̀ ju èkejì lọ."

"Àrà tuntun ni," Rhoda wí. "Kò sí níbòmíràn àfi Kàbà."

Ọmọbìnrin náà wo ojú Bíllíkísù tó jókòó nítòsí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bíllíkísù wí. "Èmi gan-an ṣì ń kọ́ ọ."