Ọ̀rẹ́ Mi Wẹ̀yìn Wò ní Pápá Ìkọ̀lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ìyá mi bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, á tutọ́ sílẹ̀, kí itọ́ náà tó gbẹ, mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ má wo orúnkún mi tó ń dún kẹ́kẹ́ lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní gbogbo Ayédé-Èkìtì nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá mi sáré, òun náà ni ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Lónìí èmi á ṣáájú, lọ́la òun á ṣáájú, a kì í sì í bá ara wa jà lórí rẹ̀.

Iléèwé girama wa ní olùkọ́ ìṣirò kan tó jẹ́ ará Íńdíà. Wọ́n pọ̀ ní Èkìtì láyé ìgbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iléèwé tí ẹ lè dé tí ẹ ò ní bá ọ̀kan níbẹ̀. Àwa tí a rò pé a mọ ata jẹ, ẹkún la sun níjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bu ọbẹ̀ fún wa. Bí ìṣirò bá ti sú òun alára, ìtàn àwọn eléré ìdárayá ilẹ̀ wọn ló máa ń sọ. Ó ní ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní họ́kì, pé wọ́n ti fi gba wúrà léraléra níbi ìdíje Òlíńpíìkì láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wọn lórí. Ó ní àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ náà ti lọ sí Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù rí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbá a láìwọ bàtà. Èyí dùn mọ́ wa nínú púpọ̀, nítorí àwa náà ò ní bàtà.

Ìtàn tó ṣe pàtàkì jù, èmi kọ́ ló sọ ọ́ fún. Mo ti lọ sóko lọ́jọ́ náà, a ń fọ́ kòkó. Ọ̀rẹ́ mi ló wá bá mi níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó jókòó, ó ń bá wa fọ́ kòkó, ó sì ń sọ ọ́. Ó ní sárésáré kan wà ní Íńdíà, ogun ló sọ ọ́ di ọmọ òrukàn ní kékeré. Ó sáré títí ó fi dé Òlíńpíìkì ní Róòmù, nínú eré irinwó mítà. Ó ń lọ dáadáa, ni ó bá dẹ ẹsẹ̀, ó yíjú wo àwọn tó kù. Ìwò kékeré yẹn ni wọ́n fi kọjá lára rẹ̀, ló bá ṣe ipò kẹrin, àmì-ẹ̀yẹ bàbà tí wọ́n ń fún ẹni kẹta bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ báyìí. Olùkọ́ wa ní bàbá òun pa rédíò, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi dìde láàárín èèpo kòkó, ó sáré, ó yí ọrùn, ó fi hàn mí. Ó ní, “Ùwọ, má wẹ̀yìn o!” Tá a bá ní ká rò ó, ó lè pa ìtàn yẹn mọ́ra, kó jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ló ń wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa sáré fún ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò kìíní níbi eré ìje tí wọ́n fẹ́ ṣe ní pápá Ìkọ̀lé yóò lọ sí iléèwé kan ní Àkúrẹ́, yóò máa gbé níbẹ̀, yóò máa jẹun níbẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ti kú. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí kò bá rí àyè yẹn, ìwé rẹ̀ parí nìyẹn. Bàbá tèmi ṣì ń sọ pé òun á wò ó bí kòkó bá ṣe lọ sí.

Lọ́jọ́ eré ìje náà, òun ló wà níwájú, èmi tẹ̀ lé e, àwọn yòókù ti jìnnà. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi bọ́ sínú kòtò. Mo ké, “Yéè, mo kú o!” Ọwọ́ mi kan ilẹ̀, mo sì tún dìde. Ọ̀rẹ́ mi wẹ̀yìn. Mo rí ojú rẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń wò bóyá wọ́n máa lé òun bá, ojú ẹni tó ń wò bóyá mo fara pa ni. Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ké. Àmọ́ bí ọrùn rẹ̀ ti yí, ìtàn inú oko kòkó ló sọ sí mi lọ́kàn, mo bá kọjá lára rẹ̀. Wọ́n gbé mi lẹ́jìká. Olùkọ́ ará Íńdíà yẹn ò wá bá mi, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló lọ, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

Mo lọ sí Àkúrẹ́. Mo di olùkọ́, mo sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rẹ́ mi lọ́kọ sí ìlú Ààyè, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló fi ayé rẹ̀ gbìn. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá mi lẹ́bi, mo mọ̀. Ẹ̀bi náà ò sì kúrò lọ́rùn mi. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọrùn mi kò bi mí léèrè kó tó yí. Jẹ́ a re ulé, uyán á tutù.”

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu olùkọ́, orí fóònù lẹ ti ń wò ó. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ fi ọmọ Íńdíà kan hàn mí tó ju ọ̀kọ̀ níbi Òlíńpíìkì. Bó ṣe jù ú tán, ó yíjú sẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kò dúró wo ibi tí ọ̀kọ̀ máa balẹ̀ sí, ó sì gba wúrà. Mo ní kó tún un fi hàn mí. Ó rò pé eré náà ló wù mí.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti ṣe méjèèjì báyìí. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi ti kú, ó ti padà sí Ayédé, a sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n yára, òun ló ń gbé Bíbélì mi, òun ló ń wà níwájú. Bó bá rìn díẹ̀, á yí ọrùn, á ní, “Ṣé ùwọ ń bọ̀?” Ó máa ń wù mí kí n sọ fún un pé kó má wẹ̀yìn mọ́, kó máa lọ. Mi ò tíì sọ ọ́, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè gbọ́ tèmi lóòótọ́.