Orí Bàbá Mi Lábẹ́ Ọwọ́ Mi

Nígbàkigbà tí wọ́n bá gé koríko lẹ́yìn ilé mi ní Ìbà, tí òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ọ̀jọ́ ni mo máa ń rántí.

Bàbá mi ń kọ́ gọ́ọ̀fù nígbà náà. Olùkọ́ rẹ̀ ní orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan bó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, pé kí ó wá ẹni tí yóò máa bá a dì í mú nílé. Lórí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́yìn ilé wa, mo dúró lórí àpótí níwájú rẹ̀, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ fìlà rẹ̀ tí òógùn ti rin, òun sì ń fi igi gọ́ọ̀fù gbá afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́.

"Bàbá, orí yín mì!"

"Irọ́ ni. Ọwọ́ ẹ ló mì, ọ̀lẹ."

Màmá mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ọjọ́ wo ni màmá mi ń bọ̀?"

Ó fi igi náà kanlẹ̀. Igi kò kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ ò tíì gbá nǹkan kan, orí yín ti ń mì."

"Dì í mú dáadáa."

Mo fi ọwọ́ kejì kún un, mo tẹ̀ ẹ́ títí apá fi ń ro mí, torí mo fẹ́ kí olùkọ́ yìn ín. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹkún ni mo ń dì mú. A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, kò sì sí ẹni tó pè wá pé ká wá jẹun.