Orin Egidio Di Orin Ijó

Ariwo ni ẹgbẹ́ Dizalica fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Rijeka. Darijo ló ń ta jìtá, òun náà ló ń kọrin. Egidio ń ta jìtá olóhùn ńlá. Nevio, ẹ̀gbọ́n Egidio, ló ń lùlù. Ọgbà kan náà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé irin níbẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ẹgbẹ́ wọn. Rọ́ọ̀kì wọn le bí òkúta. Ìsàlẹ̀ ilé tí ìyá Nevio ń gbé ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, bí Nevio bá sì ti jókòó ti ìlù, bí ẹni tó ń la igi ni. Obìnrin tó ń gbé lókè á fi igi ìgbálẹ̀ gún ilẹ̀ gbì-gbì-gbì, á ní, “Ẹ̀yin ẹhànnà, ṣé ẹ̀ ń wó ilé ni?”

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tó ń lọ sópin, Egidio wa ọkọ̀ kékeré lọ pẹja, ìjì búrà sì dé bá a lójú omi. Wọ́n rí ọkọ̀ kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń wá a, ìyá wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn, ó ní ọmọ òun kò mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Nevio kò sunkún. Níbi ìsìnkú, ó di agboòrùn mú lé ìyá rẹ̀ lórí, ó sì ń wo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà àlùfáà. Àwọn èèyàn ń gbá a léjìká: “Ọkùnrin ni ẹ́!” Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ó wá ìbànújẹ́ náà nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Darijo ló kọ orin fún Egidio. Ohun tó ń sọ kò ju pé: a kò ti ilẹ̀kùn, Egidio, ṣí i kí o wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ariwo bò ó débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orin náà gùn, ó wúwo, ó ń fà. Bí wọ́n bá ti ń ṣe é, Nevio á lu ìlù títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi bó. Ìgbà yẹn nìkan ni nǹkan kan máa ń mira díẹ̀ nínú àyà rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jí, tó tún sùn padà.

Ayé wá yí. Ijó ni àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́. Gbọ̀ngàn tó máa ń kún fọ́fọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ sí. Darijo bá mú ọkùnrin kan wá láti Zagreb, Ọ̀gá Vjeko, tó ń ṣe àwo orin. Ọ̀gá Vjeko gbọ́ gbogbo orin wọn tán, ó ní:

“Ti ilẹ̀kùn yẹn dáa. Àmọ́ ó ń rìn bí òkú. Ẹ jẹ́ kó jó.”

Nevio ní, “Òkú náà la kọ ọ́ fún.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Ta ló kú?”

“Àbúrò mi.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an.” Ó fa sìgá rẹ̀, ó tú èéfín jáde. “Ṣùgbọ́n ó ṣì gùn jù.”

Nígbà tí wọ́n máa gba ohùn orin náà sílẹ̀, Darijo ti kọ́ dùùrù oníná, ó sì gbé àpótí kékeré kan lé orí tábìlì. Ó tẹ̀ ẹ́, ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀, ta-ka-ta-ka, kò yára jù, kò falẹ̀ jù, kò làágùn.

“Èmi wá ńkọ́?” Nevio bi í.

Darijo kò wo ojú rẹ̀. “Ìwọ á máa pàtẹ́wọ́. Níbi tí orin bá ti gbéra.”

Nevio dúró síwájú ẹ̀rọ agbohùn, ó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Vjeko ké láti ẹ̀yìn dígí: “Ó dáa! Ṣe é bẹ́ẹ̀ náà!” Ó tún un ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Orin náà gbajúmọ̀. Wọ́n pè wọ́n sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wọ kóòtù funfun fún Nevio, wọ́n sì fi rọ́bà bo àwọn àwo idẹ ìlù rẹ̀ kí wọ́n má bàa dún, torí àwo orin ni wọ́n máa lò. Òun á kàn máa ju ọwọ́. Ọmọbìnrin tó ń kùn wọ́n lójú ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú yín dà bí ti ẹni tó ń dúró de oníṣègùn eyín.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ju ọwọ́. Ó parí, ó bọ́ kóòtù náà, ó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó lọ jẹun nílé ìyá rẹ̀. Ìyá ń ro pọ̀léńtà, ọkà àgbàdo wọn, lórí iná nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ó figbe ta.

“Nevio! Nevio, o ò gbọ́ ni? Àbúrò ẹ ni wọ́n ń pè!”

“Mo gbọ́, Ìyá. Àwa la kọ ọ́.”

“Irọ́! Èyí tẹ́ ẹ máa ń kọ nísàlẹ̀ ilé yìí?” Ó di ìdí mú, igi ìrokà ṣì wà lọ́wọ́ kejì. “Gbogbo ìgbà yẹn, ariwo ni mò ń gbọ́. Mo rò pé ìjọba lẹ̀ ń bú! Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi lẹ̀ ń pè wọlé.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ijó ò bí yín nínú?”

“Kí ló máa bí mi nínú? Ṣé Egidio ò fẹ́ràn ijó ni?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó níwájú ààrò, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, pọ̀léńtà ń kán sílẹ̀. “Ìlù ẹ ló gbóhùn mì lọ́jọ́sí. Ó lágbára jù, ọmọ mi.”

Nevio dúró, ó di àwo oúnjẹ mú. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí òun báyìí, bóyá ẹkún, bóyá ẹ̀rín. Ó dúró dè é. Orin parí, ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀.

“Jókòó kí o jẹun,” ìyá rẹ̀ wí, ó ń fi aṣọ ìdáná nujú. “Ó ń tutù.”

Ó jókòó, ó jẹun.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Darijo ń kó lọ sí Zagreb. Ó wá kí Nevio, ó ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì.

“Ṣé o ò ní bá mi lọ?”

“Kí n wá ṣe kí ni? Kí n wá pàtẹ́wọ́?”

Darijo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. “Bú mi, Nevio. Gbá mi létí. Ṣe nǹkan kan.”

Nevio wá ìbínú títí nínú ara rẹ̀. Ó tiẹ̀ dùn ún díẹ̀ pé kò rí nǹkan kan tó lè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ọ̀nà á dáa o,” ló sọ, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọgbà ọkọ̀ òkun. Àwọn tó ń jó irin pọ̀ máa ń fi ẹnu súfèé orin náà, wọ́n á rántí, wọ́n á dákẹ́ bó bá ń kọjá. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n máa súfèé wọn lọ. Nígbà òtútù, ó ní kí wọ́n gbé òun kúrò nídìí òòlù tó fi ń lu irin, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Búrọ́ọ̀ṣì á lọ, á bọ̀, irin pípọ́n á di dúdú. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni iṣẹ́ tuntun, á ní kò burú.